Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Pa Bàbá Tóbi

Ẹnu Ìyá Tóbi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, níwájú yàrá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa ní Abuja, lásìkò òjò ọdún tó kọjá. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà. Ó jókòó, ó ní, "Kọ́múréèdì, ẹ gbà mí. Mo ti fi ẹnu ara mi pa ọkọ mi."

"Bàbá Tóbi tí mo rí lẹ́nu géètì láàárọ̀ yìí?"

"Òun náà ni. Wọn ò jẹ́ kó wọlé. Wọ́n ní ó ti kú."

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Iléeṣẹ́ ìjọba kan náà ni èmi àti tọkọtaya yìí ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin mẹ́rin ló máa ń gbé fóònù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ara rẹ ò bá yá, tàbí ọ̀nà dí, àwọn lo máa pè. Àwọn ọ̀gá kó wọn kúrò, wọ́n fi ẹ̀rọ onílàákàyè rọ́pò wọn, irú èyí tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ báyìí. Ó ń gbọ́ Haúsá, ó ń gbọ́ Ìgbò, wọ́n ní ó gbọ́ Yorùbá pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Tóbi ń bọ̀ láti Orozo, mọ́tò rẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Nyanya. Ó pe ẹ̀rọ náà: "Ọkọ̀ mi ti kú. Nyanya ni mo wà. Mo ń wá ẹni tó máa bá mi gbé e."

Ẹ̀rọ náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn pé, "Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Kí lẹ wá sọ?" mo bi Ìyá Tóbi.

"Mo ní àmín! Mo rò pé torí mọ́tò ló ṣe ń bá mi kẹ́dùn ni. Mo tiẹ̀ ní ẹ̀rọ yìí mà láàánú ju ọkọ mi lọ."

Orúkọ ọkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wá a kàn, ó sì pa á rẹ́ nínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọdún kan péré ló kù kí ọkùnrin náà fẹ̀yìntì, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bí wọn ò bá tètè dá orúkọ náà padà, ohun tí ìwé ìjọba á máa wí títí láé ni pé ó kú sẹ́nu iṣẹ́. Akọ̀wé iléeṣẹ́ kan tiẹ̀ ní kó lọ mú ẹ̀rí wá pé òun ò kú.

"Ta ni kó fọwọ́ sí i?" Bàbá Tóbi bi í. "Ṣé ẹni tó gbẹ́ sàréè mi?"

La bá jókòó sẹ́nu géètì. Ohun méjì la béèrè: ẹ dá Bàbá Tóbi padà, ẹ dá àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn padà. Bàbá Tóbi wọ ẹ̀wù kóòtù, ó gbé páálí kọ́ ọrùn: MO WÀ LÁÀYÈ. Ẹ̀ṣọ́ géètì, ọmọ Haúsá, kò yéé kí i, "Sannu, Baba, sannu," bí ẹni ń kí aláìsàn.

"Ẹ bọ́ síbi ìbòòji," ìyàwó rẹ̀ pariwo, "oòrùn á pa yín!"

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lo fẹ́ kí n kú?"

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá àgbà jáde. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ó ní, "Kọ́múréèdì, ẹ̀rọ kì í parọ́. Ohun tó gbọ́ ló kọ." Bó ṣe yíjú báyìí, òun àti Bàbá Tóbi di ojúkojú. Ẹ̀kọ́ ilé bá sáré ṣíwájú ipò. Ó tẹrí ba: "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ta lo kí?"

Ariwo sọ: "Ọ̀gá kí òkú o!" Ọ̀gá pàápàá ò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n dá orúkọ náà padà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìlànà iléeṣẹ́ wa pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ yọ orúkọ ẹnikẹ́ni àfi bí etí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ti àwọn obìnrin mẹ́rin, wọ́n ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Báwo tiẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ràn? Mo lọ bá Dámilọ́lá, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń mójú tó o, tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Abuja níbí. Ó jẹ́ kí n gbọ́ ohùn Ìyá Tóbi tí wọ́n gbà sílẹ̀. "Ọkọ̀" ló pè, ó mọ́ gaara.

"Ẹ wò ó, sà," ó ní, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní máa sọ ohùn di lẹ́tà, àmì ohùn ò sí lórí lẹ́tà yẹn. Èkejì á wá ka lẹ́tà. Èkejì yẹn ò gbọ́ ohùn rárá."

"Kí ló dé tí àmì ò sí?"

"Ohun tá a kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló fi kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ máa ń fàmì sí tiyín ni?"

Mo yára béèrè ibi tí ẹ̀rọ náà gan-an wà. Ó ní òkè òkun ni, níbi tí iná kì í ti í lọ. Àṣé láti Nyanya, ọ̀rọ̀ obìnrin yìí la òkun kọjá kó tó padà wá pa ọkọ rẹ̀! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo tú gbogbo ìkéde tí mo ti kọ fún ẹgbẹ́ láti ọdún mẹ́wàá. Kò sí àmì kan ṣoṣo. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Bàbá Tóbi ti fẹ̀yìntì láàyè, ó ń gbin àgbàdo ní Orozo. Èrè ìjà wa nìyẹn. Àwọn obìnrin mẹ́rin náà ò padà mọ́. Mo rí ọ̀kan lọ́jà ẹja Kado, mi ò lè wojú rẹ̀ pẹ́. Gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wa.

Lóṣù tó kọjá, Dámilọ́lá wá sípàdé ẹgbẹ́, ó bẹ̀ wá pé ká wá fi ohùn wa kọ́ ẹ̀rọ náà. "Tẹ́ ẹ ò bá kọ́ ọ, á ṣì máa ṣi yín gbọ́."

Ìyá Tóbi dìde. "Tí mo bá wá kọ́ ọ dáadáa ńkọ́? Ta ló tún máa lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́?"

Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló wọ̀ mí létí. Ìpàdé pín sí méjì, a ò sì tíì dìbò. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, bí wọ́n bá ní kó o mú ohùn rẹ wá, kí lo máa wí fún wọn?