Jẹ́-n-ṣe-é àti Mọ́tò Tó Ń Dá Ilẹ̀kùn Tì

Ọjọ́ tí Jẹ́-n-ṣe-é fi bẹ́líìtì de pósí mọ́ síìtì ni gbogbo àdúgbò gbà pé ọ̀rọ̀ òun àti mọ́tò rẹ̀ ti kọjá eré. Pósí kékeré ni, èyí tí wọ́n ní kó kàn fún ìyá arúgbó kan tí ara rẹ̀ ti gbẹ tán kó tó lọ. Búùtù ti kún fún pákó, ló bá da síìtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé pósí lé e, ó sì forí lé mọ́ṣúárì. Kò tíì dé ìkóríta tí mọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Pín, pín, pín. Iná pupa kan tàn níwájú rẹ̀, àwòrán ẹni tó jókòó tí kò de bẹ́líìtì ló wà nínú iná náà. Jẹ́-n-ṣe-é wo iná, ó wo pósí. Ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó sọ̀kalẹ̀, ó fi ìka lu ìdérí pósí lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àlejò, ó sì fetí lélẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ó ṣí i wò. Aṣọ funfun tí ìyàwó rẹ̀ rán sínú rẹ̀ ló bá níbẹ̀, àti ìrọ̀rí kan. Ó pa á dé, ó fa bẹ́líìtì, ó dè é mọ́ pósí láyà. Mọ́tò dákẹ́ rọ́rọ́.

Obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ létí títì bi í pé, ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kí lẹ ń dè.

Ó ní, “Mọ́tò ló ní èèyàn wà níbẹ̀. Èmi ti ṣí i, mi ò rí wọn.”

Obìnrin náà ò dúró de ọkọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ilé rẹ̀ jìn.

Bí ẹ ò bá mọ ọkùnrin náà, ẹ ó rò pé wèrè ni. Kì í ṣe wèrè. Pósí ni iṣẹ́ rẹ̀, òun ní ń kàn án, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ní ń rán aṣọ inú rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n sì ti ń ṣe é, ayùn lápá kan, ẹ̀rọ ìránṣọ lápá kejì. Jẹ́-n-ṣe-é ni a sọ ọ́ nítorí kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ bá a ṣe tí kò ní gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ fẹ́ bá a gbé pákó, “Jẹ́ n ṣe é.” Ẹ fẹ́ bu omi fún un, “Jẹ́ n ṣe é.” Onígbàjámọ̀ wa búra pé ààbọ̀ orí lòun fá fún un rí láyé òun, ó gba abẹ fá ààbọ̀ yòókù fúnra rẹ̀, ó sì tún rojọ́ pé ààbọ̀ ti onígbàjámọ̀ ni kò dọ́gba.

Ohun kan wà tí kì í fi ṣeré. Kò sí òkú tí yóò ti ìdérí mọ́ tí kò ní kọ́kọ́ fi ìka lu pósí náà lẹ́ẹ̀mejì, kó dúró díẹ̀, kó tó wá fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá tó ń pa ilẹ̀kùn yàrá dé kí ọmọ má baà jí. Ó ní a kì í tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn láìsọ fún un, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní ọwọ́ èèyàn ló gba oníkálukú wọ ayé, ọwọ́ èèyàn náà ló sì yẹ kó tilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí irú ẹni tí wọ́n lọ gbé mọ́tò ayé òde òní fún? Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló rà á. Awọnlẹ̀ ni ọmọ náà, ó ń wọn ilẹ̀ káàkiri, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ lórí mọ́tò àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ ń fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó gbé tuntun dé, ó ń yọ̀, ó ní, “Bàbá, kò sí wàhálà fún yín mọ́. Gbogbo nǹkan ló ń dá ṣe fúnra rẹ̀.”

Bàbá wò ó títí, bí ẹni tí wọ́n bú. Ó ní, “Kí wá ni tèmi níbẹ̀?”

Àmọ́ ọmọ ṣe é tìfẹ́tìfẹ́, kò ṣeé kọ̀. Bí ogun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún díẹ̀ kó tó fún àwọn ẹlòmíì ní àmì, mọ́tò á rọra fa sítíárìn padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Òòrùn á máa ràn gan-an, ojú ọ̀run á mọ́ roro, wáípà á bẹ̀rẹ̀ sí í nu dígí, á nù ún, á nù ún, bí ẹni tó ń rí òjò tí àwa ò rí. Obìnrin kan tún wà nínú ẹ̀rọ náà tó máa ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó Jẹ́-n-ṣe-é kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù, ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó jáde wá béèrè ta nìyẹn. Ohùn náà tutù, kì í pariwo, kì í bínú. Tí wọ́n bá ti rìn jìnnà, á ní, “Ẹ sinmi díẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó ti rẹ̀ yín.” Jẹ́-n-ṣe-é á ní, “Ṣé mo sọ fún ẹ pé ó rẹ̀ mí ni?” Ìgbà tó bá dé iwájú ilé, ńṣe ni yóò tún yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè fi han obìnrin náà pé kò rẹ òun.

Èyí tó ń ba àwa ládùúgbò lẹ́rù jù ni ti iná. Ọ̀nà itẹ́ òkú ní àwọn igi ńlá lápá ọ̀tún àti lápá òsì, orí wọn sì pàdé lókè. Bí mọ́tò náà bá ti yà sí ọ̀nà yẹn, ọ̀sán gangan, iná iwájú rẹ̀ á tàn. Jẹ́-n-ṣe-é á pa á, iná á tún tàn. Ó gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì ṣàlàyé pé ibi òjìji ni mọ́tò ti ń rò pé ilẹ̀ ti ń ṣú, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹ́-n-ṣe-é bi í pé gbogbo òjìji tó wà nílùú yìí ńkọ́, òjìji abẹ́ afárá, òjìji ọjà, kí ló dé tí kò tanná níbẹ̀. Mẹkáníìkì ní òun máa wò ó. A ṣì ń retí ohun tó rí.

Ìgbà kan ó ń fi ẹ̀yìn mọ́tò wọ àgbàlá mọ́ṣúárì. Kò sí ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀, àgbàlá ṣófo pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò figbe ta, ó sì dá bùréèkì tẹ fúnra rẹ̀. Jẹ́-n-ṣe-é wo dígí, ó yọrí síta, ó wo ẹ̀yìn. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi díẹ̀.” Ó dúró. Ó tún fi ẹ̀yìn rìn, mọ́tò ò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ọ̀gá mọ́ṣúárì jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ọkùnrin tó ti ń bá òkú gbé láti ìgbà èwe rẹ̀, ó gbé àga wọlé lọ́jọ́ yẹn, ojú fèrèsé ló sì ti ń kí Jẹ́-n-ṣe-é láti ìgbà náà. Mẹkáníìkì ní eruku pákó ló bo ojú ẹ̀rọ tó ń wo ẹ̀yìn. Ó nù ún mọ́, ó ní kò ní tún rí nǹkan tí kò sí. Jẹ́-n-ṣe-é ní, “Tó bá wá wà ńkọ́?”

Gbogbo ìyẹn ṣì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti búùtù. Ilẹ̀kùn búùtù náà ń dá ara rẹ̀ tì. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, á máa kùn bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ tì í, á ké, á sì padà sókè. Ẹ wo Jẹ́-n-ṣe-é tó gbé òkú olókùú sẹ́yìn, tó fẹ́ lu pósí kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ilẹ̀kùn dé, kí ilẹ̀kùn máa bá a jìjàkadì lójú àwọn ẹbí tó wọṣọ dúdú. Níbi ìsìnkú ọkùnrin kan, ilẹ̀kùn yẹn lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, títí àbúrò òkú fi wó lulẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ò fẹ́ lọ nítorí ajá rẹ̀, pé òun lòun tú ajá náà sílẹ̀ tó fi sọnù. Jẹ́-n-ṣe-é ti rí i pé etí aṣọ ló há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò sọ fún un. Ó ní ajá náà dára púpọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó délé lọ́jọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń rán ìrọ̀rí, ó ní, “Ọjọ́ tí mo bá lọ, má jẹ́ kí ẹ̀rọ tilẹ̀kùn mọ́ mi.”

Ìyàwó ní, “Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, bàbá wọn.”

“Ọwọ́ èèyàn ni mo fẹ́. Ọwọ́ tìrẹ. Ṣèlérí fún mi.”

“Mo gbọ́.”

“Gbígbọ́ kọ́ ni mo ní kó o ṣe.”

Ó rí i pé ojú ọkọ òun ti yí padà, ẹ̀rù sì ń bà á ní tòótọ́, ọkùnrin tí kì í bẹ̀rù òkú. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ní, “Mo ṣèlérí.”

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Jẹ́-n-ṣe-é lọ, lórí àga rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ayùn lórí itan. Kò sí ẹni tó kan pósí fún un. Ó ti kàn án sílẹ̀ tipẹ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà, ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń kó àjákù aṣọ sí. Bó ṣe ń kó aṣọ náà kúrò ló ń sunkún, ó sì ń bú u pé kò tiẹ̀ lè jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe èyí náà.

Ọmọ rẹ̀ fẹ́ háyà ọkọ̀ òkú. Ìyá kọ̀, ó ní mọ́tò bàbá fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e. Wọ́n gbé e sẹ́yìn, gbogbo wa sì dúró yí wọn ká. Ìyá na ọwọ́ sókè, ó ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ké, ó sì padà sókè. Ó tún tì í, ó tún padà. Ojú ń ti ọmọ, omijé sì ń dà lójú rẹ̀, ló bá na ìka sí bọ́tìnnì. Ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó ní, “Mo ṣèlérí fún bàbá rẹ. Bí a bá máa wà níbí di ọ̀la, a ó wà níbí.”

Wọ́n pe mẹkáníìkì. Ó ní ọ̀rọ̀ ò le, bí òun bá ti yọ bátìrì, ẹ̀rọ tó ń gbé ilẹ̀kùn ti kú nìyẹn, ọwọ́ lásán á tì í. Ó yọ bátìrì, ó gbé e sílẹ̀. Ìyá ti ilẹ̀kùn. Kò mira. Ibẹ̀ ni mọ́tò tí kò ní bátìrì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Pín, pín, pín. Iná pupa ti ẹni tí kò de bẹ́líìtì tàn níwájú, kò sì sí ẹnì kankan lórí síìtì.

Gbogbo wa sún sẹ́yìn, ẹ má jẹ́ n parọ́ fún yín. Mẹkáníìkì ní iná díẹ̀ lè ṣẹ́ kù sínú wáyà, àmọ́ ẹ̀yìn lòun náà ń fi rìn nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìyá nìkan ni kò kúrò níbi tó wà. Ó wo pósí, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì káwọ́ lérí. Ó ní, “Ẹ dárí jì mí, bàbá wọn. A ò tíì sọ fún yín.” Ó tẹ̀ síwájú, ó fi oríkèé ìka lu ìdérí lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń dúró. Ó ní, “Èmi ni o. Mo fẹ́ tilẹ̀kùn.”

Mọ́tò dákẹ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn búùtù, ilẹ̀kùn sì tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìké, títí ó fi padé.

Wọ́n dá bátìrì padà. Ọmọ ló wakọ̀, ìyá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwa yòókù ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n yà sábẹ́ àwọn igi ńlá, iná iwájú tàn lọ́sàn-án gangan. Kò sẹ́ni tó pa á. Wọ́n ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú nígbà tí obìnrin inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tútù rẹ̀ yẹn, ó ní, “Ẹ sinmi díẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó ti rẹ̀ yín.”

Ọmọ sáré fẹ́ pa ohùn náà. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, “Jẹ́ kó sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ bàbá rẹ.”

Àwọn méjèèjì ń retí èsì tí wọ́n mọ̀. Ìyá tiẹ̀ ti rẹ́rìn-ín sílẹ̀ dè é. Ó yí padà, ó wo pósí lẹ́yìn, ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn tí Jẹ́-n-ṣe-é ò bá a jiyàn.