Wọ́n Lé Ọmọ Jáde Níbi Ètò Ìtọ́jú Ọmọ

Lónìí, lókè Màpó, wọ́n lé ọmọ jáde níbi ètò ìtọ́jú ọmọ.

Àwọn aláàánú kan ló ní àwọn fẹ́ san owó jẹ́lé-ó-sinmi fún ọmọ àwọn tí kò rí i san. Mo sin Rísì, ayálégbé wa ní Bẹẹrẹ, lọ síbẹ̀. Ọ̀gá tó ń bá taṣọ l'Ọ́jà'ba ti ní tó bá tún pọn ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé, kó máa lọ.

Obìnrin ẹnu ọ̀nà ní, "Ẹ fọmọ sílẹ̀ níta. Alága fẹ́ sọ̀rọ̀, a ò fẹ́ ariwo."

Rísì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí mo bá rẹ́ni gbé e fún, ṣé ibí ni mo máa wá?"

Mo gba ọmọ, mo gbé e dúró níta lẹ́bàá fèrèsé. Ó tọ̀ sí mi lára. Alága sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àbọ̀ lórí bí ọmọdé ṣe ṣe iyebíye tó.

Nígbà tó kan Rísì, akọ̀wé gbójú sókè. "Ọmọ ọ̀hún dà? A gbọ́dọ̀ fojú rí i."

Rísì sáré jáde wá gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Kó tó padà dé tábìlì, wọ́n ti pa ìwé dé.

"Ààyè ti kún, màmá. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Rísì ní, "Bàbá Tíṣà, ọmọ yìí á ti máa rìn nígbà yẹn. Àwa méjèèjì á jọ máa wáṣẹ́ kiri."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, ọjọ́ Ajé ti dé tán. Ta ni ká gbé ọmọ yìí fún?