Fìlà Tó Wà Lórí Tábìlì

Ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, lọ́yà kan, ọmọ Ìlútítun, ni aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó. Ó ti bá ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ro ẹjọ́ ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá ti Èkó dé, ojúde ilé wa ló ti ń jíhìn: ohun tó sọ nípa ọ̀nà Òkìtìpupa, ẹni tó dá a lóhùn, ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Baba mi, tó ń ṣe epo pupa, a máa ní, "Ó kéré tán, a mọ ohun tí wọ́n ń fi wá ṣe."

Ìbò mìíràn dé. Àwọn tó ń ṣèjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà kò fẹ́ kó padà. Ó gbọ́dọ̀ fi ìwé ìdíje rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìdìbò Òkìtìpupa kí aago mẹ́rin ọjọ́ tí wọ́n dá tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí nínú ìbò. Baba mi wà lára àwọn tó tẹ àtàǹpàkò sórí ìwé náà pé àwọn fà á kalẹ̀. Èmi ni mo gbé e dání.

Nígbà tí a débẹ̀ lọ́sàn-án, àga ọ̀gá ọ́fíìsì ṣófo, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ wà lórí tábìlì.

"Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́yìn ni," akọ̀wé wí. "Òun nìkan ló lè gba ìwé. Ẹ jókòó, ẹ̀yin bàbá."

A jókòó. Ta ni kò mọ̀ pé àgbàlagbà kì í fi orí òfìfo wọ ìgboro? Fìlà yẹn ló fi wá lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Ìyá Délé, ìyàwó wa kan láti etí òkun, kúnlẹ̀ níwájú tábìlì: "Fìlà, ẹ kú ìjókòó o. Orí yín ńkọ́?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́ta ti kọjá nígbà tí awakọ̀ wa sáré wọlé. "Lọ́yà, mo rí i ní gáréèjì! Ó ń dúró de mọ́tò, kò dé fìlà. Ẹ jẹ́ ká lọ gbé e wá!"

Àwa ọ̀dọ́ dìde. Lọ́yà dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá wọ́ ọ wá, ọ̀daràn ni wọn yóò pè wá. Ilé ẹjọ́ wà."

Baba mi wò ó. "Lọ́yà, ejò ń lọ, ẹ ní ká máa na ojú ipa rẹ̀?"

"Bàbá, ẹ gbà mí gbọ́."

A gbà á gbọ́. Aago mẹ́rin lù.

Rédíò kéde pé ẹni tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fà kalẹ̀ ti wọlé láìsí alátakò. Baba mi na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi. Yíǹkì kò tíì kúrò lára rẹ̀. "Kò sí alátakò? Ta wá ni èyí?"

Lọ́yà gbé ẹjọ́ lọ. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un, títí àwọn ológun fi gbàjọba, tí wọ́n sì ti ilé aṣòfin pa. Bí ilé ẹjọ́ bá tilẹ̀ dá a láre, kò sí àga tí yóò padà sí mọ́. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, mo lọ kí i. Ó ti hu ewú. Ó ní, "Ǹ bá ti jẹ́ kí ẹ lọ gbé e wá." Kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde dùn mí ju ipò tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, níbòmíràn, nítorí ìbò nígbà náà, wọ́n sun ilé, wọ́n sun ènìyàn. Gbogbo àwa tí a wọ lọ́rì lọ́jọ́ náà la padà sílé. Èrè wa nìyẹn, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n Baba mi kò dìbò mọ́ títí ó fi kú.

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ti gbó bí ewé ẹ̀ẹ̀rùn, àtàǹpàkò Baba mi sì hàn níbẹ̀ kedere. A kò tíì rí ẹni gbà á lọ́wọ́ wa.