Yìnyín Orí Fóòmù

Láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1990, bí olùkọ́ yunifásítì kan bá kí ọ káàárọ̀, ó lè jẹ́ pé ó ń dágbére ni. Gbogbo wọn ló ń lọ sí òkè òkun. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi nínú físíìsì náà ti ra tíkẹ́ẹ̀tì; ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń lọ. Kò sí ẹlòmíràn ní ẹ̀ka wa tó mọ iṣẹ́ náà. Bí wọn kò bá buwọ́ lù ú kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó di kí n lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò ṣòro ṣàlàyé. Bí átọ́ọ̀mù mélòó kan bá ṣù pọ̀, tí ìṣùpọ̀ náà sì lọ kọlu ojú irin, ṣé odidi ni yóò ta padà ni, àbí yóò fọ́ yángá? Ojú kò lè rí i, kọ̀ǹpútà la fi ń ṣírò rẹ̀. Bí eré rẹ̀ bá kéré, odidi ló yẹ kó wà. Tèmi kọ̀. Mo dín eré rẹ̀ kù, ó fọ́. Mo dín in kù títí ó fi kù díẹ̀ kó máa rákò, ó tún fọ́. Mo wá ń bínú sí átọ́ọ̀mù bí ẹni pé wọ́n bá mi ṣọ̀tá tẹ́lẹ̀.

"Ó níbi tí o ti ṣì í," ni ọ̀gá mi wí, bí wọ́n ti ń to ìwé wọn sínú páálí.

"Mo ti wò ó títí ojú ń dùn mí, sà."

"Tún un wò."

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, mo sá fóòmù ibùsùn mi sóòrùn ní ilé tí mo háyà yàrá sí ní Àgbowó, nítorí ìdun. Mo jókòó ti ìwé mi, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Òjò dé lójijì, yìnyín sì ń lu páànù gbàgà-gbàgà.

"Akẹ́kọ̀ọ́, fóòmù ẹ ti wọ gàù o!" ni ìyá onílé pariwo.

Mo da abọ́ ìfọṣọ bo orí, mo sáré jáde. Yìnyín tó bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì ń fọ́ wẹ́wẹ́. Àwọn tó bọ́ sórí fóòmù wà ní odidi, wọ́n rì sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo dúró, mo ń wò.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? Gbé e wọlé!"

Ní ẹ̀ka wa, nítorí pé iná lè lọ nígbàkígbà kí iṣẹ́ sì ṣòfò, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ wa ni pé ká de átọ́ọ̀mù ojú irin mọ́lẹ̀, kí wọ́n má lè mì. Kọ̀ǹpútà á ní ìṣirò díẹ̀, iṣẹ́ á sì yá. Ó ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Ojú irin wa wá dà bíi sìmẹ́ǹtì yẹn, kì í gba nǹkan kan mọ́ra, gbogbo agbára náà ń padà sára ohun tó kọlù ú.

Lọ́jọ́ kejì, mo tú àwọn átọ́ọ̀mù ojú irin náà sílẹ̀ kí wọ́n lè mì, mo kó káàdì oníhò tí a fi ń gbé ìṣirò fún kọ̀ǹpútà fún ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà.

"Èyí á pẹ́ o, Àǹtí. Ẹ máa gbàdúrà kí iná má lọ."

Mo jókòó, mo ń wo fáànù. Ó rọra yí lẹ́ẹ̀kan bí ẹni fẹ́ dúró. Ó tún padà gbéra. Nírọ̀lẹ́, èsì jáde: eré kékeré, odidi; eré ńlá, ó fọ́. Ẹkún ni mo sun níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé ìwé iṣẹ́ náà lọ bá ọ̀gá mi nílé wọn ní Bódìjà. Àwọn ọmọ wọn jókòó sórí àpótí, wọ́n ti wọ súẹ́tà nínú ooru. Ọ̀gá mi kà á lórí ìdúró.

"Èmi ni mo kọ́ yín pé kí ẹ máa de ojú irin mọ́lẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì buwọ́ lù ú. Ara mi wálẹ̀.

Ìyàwó wọn, tó ń di páálí tó kù, béèrè láìwojú ẹnikẹ́ni pé, "Ṣé ibi tá à ń lọ yìí á gbà wá mọ́ra báyìí?"

Ọ̀gá mi tún ṣí ìwé mi, wọ́n ń wo ojú ewé ibi tí ìṣùpọ̀ náà ti fọ́.