Abọ́ Bàbà Hàlímọ̀tù

Bí ẹ bá rí Hàlímọ̀tù nínú kíláàsì rẹ̀ ní Ṣàngó, ẹ óò ní iná ló ń fi ṣeré. Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni. Á sọ sódíọ̀mù tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà sínú omi, nǹkan náà á máa sáré kiri, á gbiná, àwọn ọmọ á figbe ta. Irin kì í kánjú ní tirẹ̀. Ó di ọjọ́ mélòó kan kó tó dógùn-ún. Bàbà ńkọ́? Hàlímọ̀tù á gbé abọ́ bàbà ìyá rẹ̀ jáde, á rẹ́rìn-ín.

"Bàbà ò dá omi lóhùn."

Inú abọ́ yẹn ni wọ́n ti ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun ilé wọn lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Àkọ́bí obìnrin ló ń tọ́jú rẹ̀. Hàlímọ̀tù ò bímọ, síbẹ̀ òun ni ìyá wọn gbé e lé lọ́wọ́ kó tó kú. Abọ́ náà ló ń fi í lọ́kàn balẹ̀ pé òun ṣì jẹ́ ẹnì kan nílé náà.

Lọ́dún yìí, Kàdíját àbúrò rẹ̀ bímọ, ó wá yá abọ́. Nígbà tó dá a padà, ó ń dán yinrin. Hàlímọ̀tù tilẹ̀ ṣàdúà fún un pé ó bá òun fọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ àdúà òfo!

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó bu omi sínú abọ́ níwájú kíláàsì, ó ju ìṣó sínú ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi di Mọ́ńdè, ìṣó ti pọ́n. Ìsàlẹ̀ abọ́ náà ti pọ́n.

"Àǹtí, bàbà yín ti dógùn-ún o!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Bàbà tó bá pẹ́ a máa ní àwọ̀ ewé. Kì í dógùn-ún báyìí. Hàlímọ̀tù fi ọ̀bẹ ha á, ó bá irin. Wọ́n kàn fi bàbà bò ó lára ni. Àbúrò òun fúnra òun ló pààrọ̀ abọ́! Ó dùn ún wọnú egungun.

Nígbà tó dé ilé Kàdíját, ọmọ ọwọ́ náà wà nínú abọ́ gidi, ó ń fẹsẹ̀ ta omi. Kàdíját ò jiyàn. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ta lẹ fẹ́ wẹ̀ nínú ẹ̀?"

Ọjọ́ tí wọ́n bí Kàdíját, ìyá wọn ò lè dìde. Hàlímọ̀tù ló gbé e sínú abọ́ yìí, tó wẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ," ó ní. "Ìwọ ni mo wẹ̀."