Ìlà Kan Nínú Ètò Nasilele

Nasilele Akapelwa kì í pariwo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí darandaran kan ní pápá etí odò Zambezi lápá Mongu tí kò jàǹfààní rẹ̀. Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ọjọ́ tí omi tó kún ní Lukulu lókè odò yóò dé pápá nísàlẹ̀, kí wọ́n lè tètè kó màlúù gòkè. Èdè Fortran ló fi kọ ọ́, èdè tó kọ́ ní yunifásítì ní Lusaka nígbà tí wọ́n ṣì ń lu ihò sí káàdì kí ẹ̀rọ tó lè ka ohun téèyàn kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ odò, ọ̀gá pààrọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ètò yẹn kò yẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ wọ́n ń ránṣẹ́ pè é ní gbogbo àsìkò òjò, torí kò sẹ́lòmíì tó lè kà á.

Mwangala Sitali ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti kọ tuntun. Ó lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, Python ló sì ń lò, èdè kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ girama pàápàá ń kọ́ báyìí.

"Òjòlá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì," ni Nasilele wí. "Ẹran tó bá ti jẹun tán, oorun ló kàn. Ṣé òun lo fẹ́ ní kó máa ṣọ́ omi?"

Mwangala rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ọ̀sẹ̀ méjì lèèyàn ń fi kọ́ òjòlá yìí débi tó máa wúlò. Tiyín ńkọ́? Ta lẹ ti kọ́ ní Fortran?"

Nasilele yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí òótọ́ ni.

Ní oṣù kìíní, òjò kò dáwọ́ dúró. Omi Lukulu kọjá àmì pupa. Ètò àtijọ́ ní ọjọ́ mọ́kànlá ni yóò fi dé pápá. Ètò Mwangala ní mẹ́jọ. Rédíò sì ń dúró de ohun tí wọn yóò kéde.

"Mọ́kànlá ni," ni Nasilele wí. "Ètò mi ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí ẹ."

"Ó lè jẹ́ èmi ni mo ṣì í, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká jọ ka tiyín ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí n rí ibi tí mo ti yapa."

Àárọ̀ ni wọ́n jókòó. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, wọ́n dé ibi kan tí Nasilele fi kún un lọ́dún tí omi ńlá kan dé, fún ìgbà tí odò bá kọjá àmì pupa nìkan. Níbẹ̀ ló ti pe gíga omi ní MEZI, ìyẹn omi lédè Lozi tiwọn.

"Mítà mẹ́fà ààbọ̀ ló wọlé síbí," ni Mwangala wí. "Kí ló dé tó fi jáde ní mẹ́fà?"

Nasilele wo ìlà náà títí. Nínú Fortran àtijọ́, orúkọ tó bá fi lẹ́tà I títí dé N bẹ̀rẹ̀, odidi nọ́ńbà nìkan ló ń gbà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn odidi á dànù, ètò á sì rò pé omi kéré, pé kò ní yára dé. Ó mọ òfin yẹn bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìkánjú ló wà, èdè ìyá rẹ̀ ló sì wá sí i lẹ́nu. Ó rántí ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn tí omi ká màlúù mọ́ inú pápá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní odò ló ṣe àṣejù.

"Mo di ẹ̀bi ru odò," ló wí jẹ́jẹ́. "Odò ò ṣe nǹkan kan."

Ó tún ìlà náà ṣe. Ọjọ́ mẹ́jọ ló jáde, ọjọ́ mẹ́jọ sì ni rédíò kéde. Ọjọ́ kẹsàn-án lomi dé. Gbogbo agbo ẹran ti gòkè.

"Mo rò pé dídára ètò mi ló jẹ́ kó pẹ́," ni Nasilele wí lọ́jọ́ kejì. "Àṣé pé kò sẹ́ni tó lè kà á wà lára ìdí rẹ̀. Ta ló fẹ́ bá ohun tí kò lè kà jà?"

"Ó dára náà, Ìyá. Python mi kì í dá ìṣirò tó le ṣe. Àwọn ètò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń ké sí, Fortran sì ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n yára, ọ̀pọ̀ nǹkan ló gbára lé wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ tún wọn kọ."

"Ẹ̀yin lẹ wá ń gba ìyìn."

"Tiwa rọrùn láti wọ̀, ìdí nìyẹn tèrò fi pọ̀ níbẹ̀."

Wọ́n fẹnu kò pé kí ìṣirò odò wà ní Fortran, kí iṣẹ́ Mwangala wà lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Nasilele ń wá sí ọ́fíìsì báyìí, tó ń fi Lozi kọ ìtumọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún méjì ìlà, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí igba.