Abiyamọ Inú Àwòrán Pọtawátómì

Ọmọ mi obìnrin, tí mo bí sí Dallas níbí, fàáké kọ́rí pé mi ò gbọdọ̀ pọn ọmọ òun. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wakọ̀ láti ilé mi ní DeSoto lọ sí ilé ẹ̀ ní Plano lọ bá a tọ́jú ọmọ, tòun ti ọ̀já ìpọnmọ nínú báàgì mi. Ó ní ọmọ á já bọ́. Èmi tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó bí i, tí mo sì fi ọ̀já yẹn kan náà pọn òun alára! Inú bí mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbé èmi àti ọmọ ọwọ́ ẹ̀ lọ sí mùsíọ́mù lọ wo àwòrán àtijọ́. Àwọn Pọtawátómì ni wọ́n yà, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ti nílẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé. Kò sógun, kò sí jagunjagun níbẹ̀ o: obìnrin ń dáná, ọkùnrin ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, bàbá àgbà kan jókòó jẹ́ẹ́. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdáná, bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ta ló máa ń kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láì kí i? Ọmọ mi ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

Àfi bí mo ṣe rí abiyamọ kan. Wọ́n fi aṣọ di ọmọ ẹ̀ mọ́ pákó pẹlẹbẹ, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, okùn pákó náà gba iwájú orí ìyá ọmọ kọjá. Lójú tèmi, okùn yẹn ti dẹ̀. Kí n tó ronú, ọwọ́ mi ti nà, mo fẹ́ bá a ti ọmọ sókè, bí a ṣe ń ṣe fún ara wa nílé. Ẹ̀ṣọ́ sáré wá, ó ní kí n jọ̀ọ́ sún sẹ́yìn. Ojú tì mí, síbẹ̀ ẹ̀rín ń pa mí.

Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣáà ń wo abiyamọ yẹn. Ni ọmọ ọwọ́ bá figbe ta nínú kẹ̀kẹ́ tí a fi ń tì í. Mo ti fa ọ̀já yọ, mo ní lónìí, kí ìyá ẹ̀ sọ ohun tó bá fẹ́. Ọmọ mi wá fi gẹ̀ẹ́sì ní kí n gbé ọmọ pọ̀n òun. Ẹ̀yìn òun ni o, kì í ṣe tèmi.

Háà! Ẹ̀yìn mi tí mo ti ń palẹ̀ ẹ̀ mọ́ láti oṣù mẹ́ta! Mi ò ní purọ́, ó dùn mí díẹ̀. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọmọ lé e, mo fa ọ̀já, mo so ó le dáadáa. Ọmọ dákẹ́.

Ọmọ mi, tó jẹ́ gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn láti kékeré, padà síwájú àwòrán yẹn. Ó fọwọ́ kan gbá ìdí ọmọ mú, ó sì rọra kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."